Charles Young, ọ̀gá ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tó kú sí Èkó ní 1922: ṣé àìsàn ni àbí àwọ̀ ara ló dí i lọ́nà ipò ọ̀gágun?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Olùwádìí Ìtàn

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ìtàn, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Charles Young ni mo gbé wá síwájú yín. Adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà ni. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Mays Lick, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1864, ó sì dàgbà di ọ̀gá láàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú Èkó ló kú sí ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1922, síbẹ̀ ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló mọ orúkọ rẹ̀ láàárín wa.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ ní ọdún 1917, kò sí adúláwọ̀ kankan nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ náà tí ipò rẹ̀ ga tó ti Young, ogun náà sì máa tó sọ ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di ọ̀gágun. Kàkà kí wọ́n gbé e ga, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ kò pé mọ́, wọ́n sì ní kó lọ fẹ̀yìn tì. Àwọn kan tó kọ̀wé nípa rẹ̀ sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀, pé ara rẹ̀ le koko; ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni pé ó gun ẹṣin láti Ohio dé Washington ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ní àrùn kíndìnrín yẹn kan náà ló pa á ní Èkó kí ọdún márùn-ún tó pé, nítorí náà àwọn dókítà kò purọ́ mọ́ ọn. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì? Mo sì tún ń bẹ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kó là mí lóye: bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ipò tí wọn kò fún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ni ọkùnrin yìí ṣe tó yẹ kí a máa fi rántí rẹ̀?

Èsì láti ọ̀dọ̀ Àgbà Akọ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùwádìí. Lójú tèmi, àìsàn náà wà lóòótọ́, ojúsàájú náà sì wà lóòótọ́, àìsàn sì ni wọ́n fi bo ojúsàájú mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá to àwọn ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra, ẹ óò rí i.

Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́ṣin Kẹwàá ni Young wà nígbà náà. Ìyẹn jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀ ní ọdún 1866, àwọn tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Buffalo Soldiers. Adúláwọ̀ ni àwọn ọmọ ogun ibẹ̀, ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kéékèèké náà, Albert Dockery, ọmọ ìpínlẹ̀ Mississippi, fi ẹjọ́ sun John Sharp Williams, aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ rẹ̀, pé òun kò lè máa gba àṣẹ lẹ́nu adúláwọ̀. Williams gbé ẹjọ́ náà tọ Ààrẹ Woodrow Wilson lọ. Wilson kọ̀wé sí Newton D. Baker, akọ̀wé ìjọba fún ọ̀ràn ogun, ní apá ìparí oṣù Kẹfà ọdún 1917, kí oṣù náà sì tó parí, ó ti dá aṣòfin náà lóhùn pé Young kò ní darí ẹgbẹ́ náà nítorí pé ara rẹ̀ kò yá. Ẹ kíyè sí i pé Young fúnra rẹ̀ ṣì ń jà fún ẹjọ́ rẹ̀ lásìkò yìí, lẹ́yìn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ń jẹ́ Letterman ní San Francisco. Olórí orílẹ̀-èdè ń fi ìdánilójú ránṣẹ́ sí ẹni tó bínú, nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kò fara sin. Bí Young bá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò ogun, yóò di ọ̀gágun, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó jẹ́ aláwọ̀ funfun yóò sì bọ́ sábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà yẹn kan náà ni ìjọba ṣí ibùdó kan sí Fort Des Moines ní ìpínlẹ̀ Iowa láti kọ́ àwọn adúláwọ̀ tí yóò di ọ̀gá nínú ogun. Àwọn 639 ló gba ipò níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Young ni àwọn adúláwọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà ń retí pé kó darí ibùdó yìí, ṣùgbọ́n Kọ́nẹ́ẹ̀lì Charles Ballou, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n fi síbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì wá fi ṣe olórí ìpín ogun kejìléláàádọ́rùn-ún tó kó àwọn adúláwọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé.

Ní ti ẹṣin tó gùn, inú mi a máa dùn sí ìtàn yẹn nígbàkigbà tí mo bá kà á. Oṣù Kẹfà ọdún 1918 ni, ó ti pé ọmọ ọdún 54. Ó gbéra ní Wilberforce ní Ohio, ó sì rin máìlì 497 dé Washington ní ọjọ́ 16. Ó ń gẹṣin, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí ẹlẹ́ṣin tó mọṣẹ́ ti í ṣe kí ẹṣin má bàa dákú. Ṣùgbọ́n n kò bá àwọn tó fi ìrìn yìí ṣe ìwé ẹ̀rí dókítà rìn. Gígun ẹṣin jìnnà fi hàn pé ọkàn ènìyàn le, pé ó sì mọ bí a ti ń tọ́jú ẹran. Kò sọ nǹkan kan fún wa nípa kíndìnrín.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí létí jù ni ohun tí ìjọba fi í ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1918, nígbà tí ogun ku ọjọ́ márùn-ún péré kó parí, wọ́n sì rán an lọ sí Camp Grant ní Illinois. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ní kó padà sí Làìbéríà gẹ́gẹ́ bí aṣojú ilé iṣẹ́ ogun, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà kan rí. Bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá lè gba ogun ilẹ̀ Faransé, ta ló wá sọ pé ó lè gba igbó Làìbéríà? Ìbéèrè yìí ni kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera lásán ni ti ọdún 1917.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ẹlẹ́ṣin

Ẹ̀gbọ́n Àgbà Akọ̀wé ti tú ọ̀rọ̀ ọdún 1917 dé gbòǹgbò, n kò ní fi kún un. Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí pé bí ènìyàn bá ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Young láti ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ, kò ní rí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Gabriel, bàbá rẹ̀, sá kúrò lóko ẹrú ní ọdún 1865, ó sọdá odò Ohio, ó sì wọ ẹgbẹ́ adúláwọ̀ tó ń yin àgbá ogun fún ìjọba àpapọ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ìlú Ripley ní ìpínlẹ̀ Ohio ni ìdílé náà fi ṣe ibùgbé, níbẹ̀ ni ọmọ náà sì ti kàwé. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní West Point ní ọdún 1884. Ìṣirò mú kó tún ọdún àkọ́kọ́ kà. Ní ọdún ìkẹyìn, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tún fẹ́ dá a padà, àfi ìgbà tí olùkọ́ kan, George Goethals, ẹni tó wá parí gbígbẹ́ ipa omi Panama lẹ́yìn náà, jókòó tì í tó sì kọ́ ọ títí ó fi yege. Òun ló gbẹ́yìn nínú àwọn 49 tó jáde ní ọdún 1889. Adúláwọ̀ méjì péré ló ṣáájú rẹ̀ jáde níbẹ̀, Henry Flipper ní 1877 àti John Alexander ní 1887. Iṣẹ́ ológun lé Flipper dànù ní 1882, Alexander sì kú ní 1894, bẹ́ẹ̀ ni Young ṣe di ọ̀kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu iṣẹ́ ológun nínú àwọn adúláwọ̀ tó jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn ti Young, ọdún 47 kọjá kí adúláwọ̀ mìíràn tó tún jáde ní West Point. Ẹ fojú inú wo ẹni tó lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú irú àdádó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1903, nígbà tó jẹ́ kápítánì nínú Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ṣin Kẹsàn-án, wọ́n rán òun àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ láti San Francisco lọ sí igbó ọba Sequoia ní California. Kò tíì sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó irú igbó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn ológun ni wọ́n ń fi ṣọ́ ọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn darandaran àti agégi má bàa bà á jẹ́. Bí Young ṣe di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe alábòójútó igbó ọba ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ti ń là láti ọdún 1900 tí kò tíì dé ibi tó ń lọ. Láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, Young àti àwọn ènìyàn rẹ̀ la ọ̀nà náà dé Giant Forest, níbi tí àwọn igi ńláńlá náà wà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sì lè gbé àwọn àlejò débẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n tún nà án dé ẹsẹ̀ àpáta Moro Rock. Ó gba ìjọba níyànjú pé kí wọ́n ra àwọn ilẹ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn aládàáni láàárín igbó náà. Fún èmi, iṣẹ́ yìí nìkan tó láti gbé orúkọ ènìyàn ró.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹṣin. Ní oṣù Kẹta ọdún 1916, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Pancho Villa, olórí ọlọ̀tẹ̀ kan ní Mẹ́síkò, kọlu ìlú Columbus ní New Mexico, Ọ̀gágun John Pershing sì kó ọmọ ogun wọ Mẹ́síkò láti lé wọn. Young ti di mejò nígbà náà, òun ló ń darí ìpín kejì nínú Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ṣin Kẹwàá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, wọ́n pàdé àwọn ọ̀tá ní Agua Caliente. Ìbọn arọ̀jò ọta ń yìn kọjá lókè orí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kí ọ̀tá má bàa lè gbórí sókè, abẹ́ ìbò yìí ni Young ti ṣáájú àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ kọlù wọ́n pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́. Àwọn ọ̀tá fẹsẹ̀ fẹ, Young kò sì pàdánù ọmọ ogun kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ogun yóò rí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀: ó so ohun ìjà tuntun pọ̀ mọ́ ìkọlù àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ẹlẹ́ṣin ayé ìgbà náà kò tíì mọ ohun tí wọn yóò fi ìbọn arọ̀jò ọta ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, àwọn ará Mẹ́síkò gbógun ti Mejò Frank Tompkins àti àwọn ẹlẹ́ṣin aláwọ̀ funfun rẹ̀ ní Parral, Tompkins fara gbọgbẹ́, ó sì sá dé Santa Cruz de Villegas. Young àti àwọn adúláwọ̀ rẹ̀ ló yára débẹ̀ láti gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun yìí ni wọ́n gbé e sí ipò tó kángun sí kọ́nẹ́ẹ̀lì.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ni. Ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ogun ní Yunifásítì Wilberforce láti 1894, níbi tó ti di ọ̀rẹ́ W. E. B. Du Bois, adúláwọ̀ tó jẹ́ gbajúmọ̀ onímọ̀ àti òǹkọ̀wé. Ní Fort Duchesne ní Utah, ó rí ọ̀dọ́ ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Benjamin O. Davis, ó sì kọ́ ọ fún ìdánwò tí yóò sọ ọ́ di ọ̀gá. Davis yege ní 1901. Ní ọdún 1940, Davis yìí ló di ọ̀gágun adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà, ọmọ rẹ̀ sì ni adúláwọ̀ tó jáde ní West Point ní 1936 lẹ́yìn ọdún 47 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Young wà ní Fort Huachuca ní Arizona, ó tún dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó rí i pé wọ́n lè di ọ̀gá, púpọ̀ nínú wọn ló sì lọ sí Fort Des Moines tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ. Wọn kò jẹ́ kó darí ibùdó náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló ti tọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó wọ ibẹ̀.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Àdùkẹ́ Òpìtàn

Mo gbádùn ohun tí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi kọ, ṣùgbọ́n ẹ ti fo Làìbéríà kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí àwa ọmọ Áfíríkà tẹjú mọ́ jù.

Young kọ́kọ́ dé Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, ní ọdún 1912 gẹ́gẹ́ bí aṣojú ológun, lẹ́yìn tí Davis ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Gbèsè ti wọ Làìbéríà lọ́rùn, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ààlà. Amẹ́ríkà bá ìjọba ibẹ̀ ṣètò owó yíyá, ó sì fi àwọn ọ̀gá ológun adúláwọ̀ ránṣẹ́ láti tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹnu ààlà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908 tò. Young ló ń dámọ̀ràn, ó ń yàwòrán ilẹ̀, ó ń la ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n há ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà, Arthur Brown, mọ́ igbó, Young fúnra rẹ̀ lọ gbà á, ọta ìbọn bà á ní apá, ibà dúdú sì dá a dùbúlẹ̀. N kò ní fi ojú kékeré wo irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tó ń yìnbọn sí wọn nínú igbó yẹn? Àwọn onílẹ̀ ni. Àwọn ọmọ àtọ̀húnrìnwá láti Amẹ́ríkà ló ń ṣe ìjọba ní Monrovia, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹnu ààlà yìí ni wọ́n sì fi ń gba owó orí lórí ahéré lọ́wọ́ àwọn ènìyàn inú igbó, òun ni wọ́n fi tẹ ọ̀tẹ̀ àwọn Kru, ẹ̀yà kan ní etí òkun Làìbéríà, rì ní 1915. Owó oṣù àwọn ọmọ ogun náà kì í sábà pé, nítorí náà wọ́n ń jẹ lára àwọn ará abúlé. Iṣẹ́ Làìbéríà yìí gan-an ni NAACP, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, torí rẹ̀ fún Young ní àmì ẹ̀yẹ Spingarn ní 1916. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà rí ìlú adúláwọ̀ tó fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n sì rí ọmọ wọn tó ń gbà á là. Ohun tí ará abúlé Kru rí ni ìbọn. Mo gbà pé Young fẹ́ràn Làìbéríà tọkàntọkàn, bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pé ọmọ ẹrú tí ìjọba Amẹ́ríkà fojú di ló ran ìjọba mìíràn lọ́wọ́ láti fojú di àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn. N kò gbà pé ó yẹ ká yọ ọ̀kan nínú rẹ̀ nítorí èkejì.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Àgbà Akọ̀wé

Àdùkẹ́, òótọ́ lẹ sọ, mo sì fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Làìbéríà: Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ṣin Kẹsàn-án tó fi Young ṣe ènìyàn ni ìjọba fi bá àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà jà ṣáájú àkókò rẹ̀, òun náà sì jagun ní Fílípíìnì láti ọdún 1901, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ti ń jà fún òmìnira tiwọn. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fún un ní ààyè díẹ̀ ni pé iṣẹ́ ológun nìkan ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún irú rẹ̀ láti fi hàn pé adúláwọ̀ lè pàṣẹ. Ìyẹn ṣàlàyé ohun tó ṣe, kò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìbéèrè kejì láti ọ̀dọ̀ Olùwádìí Ìtàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ó ti yé mi pé ìbéèrè mi àkọ́kọ́ pín ohun tí kò ṣeé pín. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló gbé e dé Èkó, báwo ni wọ́n sì ṣe sin ín?

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ẹlẹ́ṣin

Làìbéríà ló ti wá. Apá kan iṣẹ́ aṣojú ológun ni kó máa ṣe ìwádìí nípa àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ló sì ń rìn ní Nàìjíríà nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá a wó. Ilé ìwòsàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì dákẹ́ sí. Ọmọ ọdún 57 ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sin ín ní Èkó pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun ní kíkún, òfin wọn sì béèrè pé kí òkú pé ọdún kan nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó lè wú u. Ada, ìyàwó rẹ̀, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e wá sílé, àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà sì gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1923, wọ́n tún un sin sí ibi ìsìnkú àwọn ológun ní Arlington.

Ààrẹ Barack Obama sọ ilé rẹ̀ ní Wilberforce di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹta ọdún 2013. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ní West Point, wọ́n gbé e sí ipò bìrìgédíà jẹ́nẹ́ràlì, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn ti ń béèrè fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé lẹ́tà Wilson sí aṣòfin Mississippi yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ máa kà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, kí wọ́n tó sọ fún wọn pé ọ̀gágun ni.